Bí ẹ ṣe lè jí ẹgàn àbáláyé dìde lórí ilẹ̀ erékùṣù tàbí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní èbúté Ẹ̀pẹ́ tí ẹ kọrí sí ìhà ọ̀sà Lẹ́kkí, ẹ máa rí àwọn erékùṣù kéékèèké, àti àwọn ilẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán. Láti òkèèrè gbogbo rẹ̀ dúdú mìnìmìnì, ojú á sì máa sọ fún yín pé ẹgàn ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ewé Akíntọ́lá ni ẹ máa bá, àti ẹ̀kan tó ń gún ni lẹ́sẹ̀, àti ìtàkùn tó ti bo kùkùté mọ́lẹ̀. Ìrókò ti lọ. Àbùrà ti lọ. Láyé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, tí wọ́n fi orí omi gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Èbúté Mẹ́tà.

Ẹbí wa ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan, kò tó éékà mẹ́ta. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo kọ èyí fún ẹni tó ní ilẹ̀ ẹbí létí omi, tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n fún ní àyè kan, tó sì ń fẹ́ kí igbó tó wà níbẹ̀ nígbà kan rí padà. Kì í ṣe igbó igi kan ṣoṣo ni mò ń wí. Ẹgàn gidi ni, tó ní igi ńlá àti igi kékeré, tó ní ewé eéran nísàlẹ̀, tó ní ìgbín, ẹyẹ àti ọ̀bọ.

Kí a tó mú àdá, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí: igi gbígbin kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Èmi náà kò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọgọ́ta ọ̀gànwó ni mo gbìn sójú kan, ní ìlà gbọọrọ bí oko kòkó. Kò pé oṣù mẹ́wàá tí kòkòrò wọ ṣóńṣó orí wọn, ó jẹ gbogbo ọ̀mùnú wọn. Èyí tó yè nínú wọn pẹ̀ka ṣákaṣàka, kò lè ga mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, níbi tí n kò fọwọ́ kàn, asofẹ́yẹjẹ àti ìrà ti hù fúnra wọn, wọ́n ti ga jù mí lọ. Ilẹ̀ náà ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, èmi ni n kò wò ó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Igi tí ẹ bá gbìn lónìí, ogún ọdún kò pọ̀ jù kó tó di igi tí ènìyàn ń gbójú sókè wò. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá wá ta ilẹ̀ náà ní ọdún karùn-ún, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn. Nítorí náà ẹ pe ìpàdé, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn obìnrin ilé náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ẹ fi pèrègún àti akòko pààlà. Ẹ gé ẹ̀ka wọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní oṣù karùn-ún nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, á hù. Kò sí ẹni tó máa rí pèrègún tó tò lọ gbọọrọ tí kò ní mọ̀ pé ààlà ni.

Ẹ tún bá àwọn tí kò ní ilẹ̀ náà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ń wá igi ìdáná. Àwọn apẹja ń gé ẹ̀ka tí wọ́n ń rì sínú ọ̀sà kí ẹja lè wá sá sí abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá kàn lé wọn, òru ni wọ́n á máa wá. Àdéhùn tí àwa ṣe ni pé igi tó ti gbẹ tó sì ti wó nìkan ni wọ́n lè kó. A wá ya apá kan sọ́tọ̀ nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, a jẹ́ kí ìrà pọ̀ síbẹ̀ fún wọn, nítorí pé ìrà jó dáadáa, tí ẹ bá sì gé e, á tún rú. Láti ìgbà yẹn, àwọn ìyá yẹn gan-an ló ń pè mí lórí fóònù bí wọ́n bá gbúròó ẹ̀rọ ìgégi.

Bí igbó orò tàbí igbó òrìṣà bá wà nítòsí yín, ẹ lọ kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ìyá igi tó ṣẹ́ kù máa ń wà, torí pé èèwọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ọ̀nà yìí kan náà ló gbà yè. Ẹ má wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín ṣa èso tó bá já bọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rìn ín, ẹ kà á

Ẹ rin ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹwàá nígbà tí ọ̀sà kún. Níbi tí omi bá dé ní oṣù kẹwàá, ẹ fi ọ̀dà sàmì sára igi. Àmì yẹn ló máa pín ilẹ̀ yín sí mẹ́ta: yanrìn òkè tí omi kì í dé, irà tí omi máa ń bò fún oṣù díẹ̀, àti àbàtà tí kì í gbẹ rárá. Igi ọ̀kan kì í fẹ́ ibùgbé èkejì, èyí sì wà lára ohun tó ń pa igi jù. Ní oṣù kẹta yẹn náà, ẹ tọ́ omi etí ọ̀sà wò. Tí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Ẹ fi okùn wọn àyè tó jẹ́ mítà mẹ́wàá ní gígùn àti mítà mẹ́wàá ní fífẹ̀, ní ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ká ewé Akíntọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ ka ọmọ igi ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yóò yà yín lẹ́nu. Ìlànà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé tí mo bá rí ju méje lọ nínú àyè kan, n kò gbin ohunkóhun síbẹ̀. Mo kàn ń ran èyí tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ta ló máa bá yín dárúkọ wọn? Ẹ mú ẹlẹ́wé ọmọ kan láti ọjà lọ, kí ẹ sanwó ọjọ́ náà fún un. Ìyá tó bá mi lọ dá igi mọ̀kànlélógójì mọ̀ láàárín ọ̀sán kan, òórùn èèpo ló fi mọ àwọn mìíràn. Orúkọ igi fúnra rẹ̀ tún ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Asofẹ́yẹjẹ: ó so èso fún ẹyẹ jẹ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti wo igbó dáadáa.

Kùkùté tó ń rú ni kí ẹ fojú sí jù lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jìn sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sí ọmọ igi tí a tọ́ nínú ọ̀rá tó lè bá a sáré. Yan èéhù méjì tó lágbára jù, kí ẹ gé ìyókù.

Tí ẹ kò bá tíì rí irà tó ṣì ní igi rẹ̀ lórí, ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990, hẹ́kítà 78 ni, ọ̀bọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sáré gun afárá gíga tó wà láàárín igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀: bí ewé jíjẹrà ṣe nípọn tó, bí òkùnkùn ṣe tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó ń fún un lọ́rùn

Ìhà Amẹ́ríkà ni ewé Akíntọ́lá ti wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀fúùfù ló sì ń gbé irúgbìn rẹ̀. Ó máa ń yọ òdòdó ní ìparí ọdún, nítorí náà oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kí ẹ bá a jà, kó tó tanná. Ẹ fi ọkọ́ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ má sán gbogbo ilẹ̀ gbalaja. Ẹ yí ọmọ igi kọ̀ọ̀kan ká ní ìwọ̀n mítà kan, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ kí oòrùn má baà jó ilẹ̀.

Ẹ̀kan ní tirẹ̀, tí ẹ bá gé e, inú rẹ̀ dùn, á tún yọ. Títẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ so okùn mọ́ pákó kan ní igun méjèèjì, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ pákó náà lórí ẹ̀kan títí á fi dọ̀bálẹ̀. Èyí tó dọ̀bálẹ̀ kì í tètè dìde, igi tó bá wà láàárín rẹ̀ á sì rí oòrùn. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Philippines, mo gbìyànjú rẹ̀ lórí yanrìn tiwa, ó sì gbà.

Ìtàkùn: ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ má fà á, kó má baà fa igi wó.

Melína, tíkì àti dóńgóyárò, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá. N kò sọ pé igi burúkú ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará ilé níbí. Tí wọ́n bá ti ga, ẹ fi wọ́n ṣe ìbòòji fún ọdún díẹ̀, kí ẹ máa fa ọmọ wọn tu, kí ẹ wá máa gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí igi ìbílẹ̀ bá ti ń dìde.

Lójú omi, koríko eléwé rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní water hyacinth gba Àgbádárìgì wọlé láti ilẹ̀ Benin ní 1984. Bó bá dí etí ilẹ̀ yín, ẹ wọ́ ọ gòkè, ẹ kó o jọ síbi tí omi kò ti ní gbé e padà, kó jẹrà. Ó wúlò fún ilẹ̀ inú ọ̀rá.

Iná ni ọ̀tá tó kù. Láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì, nígbà ọyẹ́, ẹ la ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, kó mọ́ tónítóní, ní ìhà tí ilẹ̀ yín ti so mọ́ oko ẹlòmíràn. Oore tí erékùṣù ń ṣe fún wa nìyí: omi ti ṣọ́ ìhà tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ránṣẹ́ pe ẹyẹ

Agbe tó laró àti àlùkò tó losùn, tí a ń fi wúre, èso ni oúnjẹ wọn. Ibi tí wọ́n bá bà sí ni wọ́n ń yàgbẹ́ irúgbìn sí. Àmọ́ ẹyẹ kì í bà sórí ẹ̀kan. Nítorí náà ẹ ri ọparun gígùn mọ́lẹ̀ ní gbangba, ẹ de ọ̀pá kékeré mọ́ orí rẹ̀ ní ìbú. Ẹ má gé igi gbígbẹ tó dúró. Ẹ gé ẹ̀ka ìyeyè tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ẹ rì í síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi ọ̀pọ̀tọ́ àti asofẹ́yẹjẹ tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ọ̀pá kan tí mo rì, mo ka oríṣi ọmọ igi mẹ́sàn-án tí n kò gbìn láàárín ọdún méjì.

Ẹ má pa àdán. Àdán ló ń jẹ èso ìrókò tó sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ jìnnà lóru. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀, pé ẹni ibi ló ń rán an. Ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Pańpẹ́ àti tàkúté náà gbọ́dọ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tí àdéhùn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fi ṣe kókó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: èso ńlá, ẹ̀yin ni ẹranko rẹ̀ báyìí

Ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti wúlò gan-an la dé yìí. Ẹyẹ kékeré lè gbé èso asofẹ́yẹjẹ. Ta ló máa gbé kóró òro tàbí orógbó? Erin ni, etu ni, àgbìgbò ni. Erin ṣì kù díẹ̀ nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa wẹ ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Mauritius, nínú òkun Íńdíà. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òyìnbó Netherlands dé síbẹ̀ ní 1598, ẹyẹ dodo ti run. Ìjàpá ńlá ibẹ̀ náà run. Igi ebony tó ń so èso fún ìjàpá wá ń já èso rẹ̀ sí ìdí ara rẹ̀ lásán. Ní 2000, wọ́n kó ìjàpá ńlá mìíràn, ọmọ erékùṣù Aldabra nínú òkun kan náà, lọ sí Île aux Aigrettes, erékùṣù kékeré hẹ́kítà 26 tó wà létí Mauritius. Àwọn ìjàpá yìí jẹ èso náà, wọ́n yà á káàkiri, irúgbìn tó gba inú wọn kọjá sì hù dáadáa. Àwa kò lè mú erin wá sórí éékà mẹ́ta. Ọwọ́ wa ni a máa fi ṣe é.

Àgbálùmọ̀ ló rọrùn jù. Láti oṣù kìíní sí ìkẹta, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jà, ẹ fọ kóró rẹ̀, ẹ gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ má sá a sóòrùn. Kóró rẹ̀ tó bá gbẹ ti kú.

Orógbó ń fẹ́ sùúrù. Ẹ bó èèpo ara kóró, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí ẹ wá rì í sínú ìyẹ̀ pákó tútù. Ó lè lo oṣù mẹ́fà, ó lè lé ní ọdún kan kó tó hù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti da orógbó tó wà láàyè nù torí pé wọ́n rò pé ó ti jẹrà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rì í sára ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀.

Òro, ẹ jẹ́ kí ẹran ara rẹ̀ jẹrà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sábẹ́ ìbòòji díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Iṣin, kóró dúdú rẹ̀ ni kí ẹ gbìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé èyí tí kò tíì lanu fúnra rẹ̀, májèlé ni.

Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Abo ló ń so, èso rẹ̀ gùn bíi kòkòrò mùkúlú tútù, ó máa ń já bọ́ nígbà ẹ̀rùn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fọwọ́ rà á, irúgbìn rẹ̀ kò ju ti tòmátì lọ. Ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ bu yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Nígbà tó bá ga díẹ̀, kòkòrò kan máa ń mú kí ewé rẹ̀ yọ kókó, kókó náà á jẹrà, orí igi á sì kú. Ibi tí ìrókò bá pọ̀ sí nínú oòrùn gbangba ló ti ń pa wọ́n tán. Ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìbòòji díẹ̀, láàárín igi mìíràn, ni ó ń yè.

Ohun kan tó kan gbogbo wọn: ẹ má ṣa èso lábẹ́ ìyá igi kan ṣoṣo. Ẹ wá ìyá mẹ́wàá, ní Èjìnrìn, ní Àgbọ̀wà, níbikíbi tó bá kù. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo igbó yín máa jẹ́ bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àrùn tó bá pa ọ̀kan á pa gbogbo wọn. Èyí tí ẹ kò bá rí, ẹ béèrè ní FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn.

Fún ilé ìtọ́jú ọmọ igi, ọ̀rá omi tí a mu tán ti tó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ dúdú tí ẹ bù lábẹ́ igi àtijọ́ kún un, pẹ̀lú yanrìn díẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Ẹ fi màrìwò ṣe òrùlé. Tó bá ku oṣù kan tí ẹ máa gbìn wọ́n, ẹ máa yọ màrìwò náà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè mọ oòrùn. Ọmọ igi tó bá ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan ti tó gbìn. Ẹ sì yọ ọ̀rá náà kúrò pátápátá kí ẹ tó gbìn, ẹ kó o dání lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tó yẹ, àkókò tó yẹ

Yanrìn òkè ni ti ìrókò, àràbà, afárá, àgbálùmọ̀, orógbó, iṣin àti òro. Irà ni ti àbùrà àti awùn. Àbàtà ni ti ògùrọ̀; ẹ rántí pé ògùrọ̀ máa ń kú lẹ́yìn tó bá ti so, tí àwọn adẹ́mu bá sì dá gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó máa so irúgbìn, nítorí náà ẹ bá wọn sọ pé kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí omi bá ti níyọ̀, ẹ̀gbà, igi tí wọ́n ń pè ní mangrove, ni kí ẹ rò.

Lórí yanrìn, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà ni kí ẹ gbìn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ni ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbin lọ́dọọdún, ọjọ́ tó dára ni láti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ, ṣùgbọ́n ìsinmi òjò oṣù kẹjọ ti sún mọ́lé nígbà náà. Igi tí ẹ bá gbìn lọ́jọ́ yẹn, ẹ múra láti máa bomi rin ín. Ní irà, oṣù kọkànlá ni, nígbà tí omi ń fà sẹ́yìn. Mo ti gbin àbùrà sí irà ní oṣù kẹjọ rí. Omi oṣù kẹwàá bò wọ́n lórí.

Ẹ má tò wọ́n ní ìlà. Ẹ gbìn wọ́n ní ìdìpọ̀, oríṣi márùn-ún lójú kan, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó mítà mẹ́ta. Ọ̀gànwó kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ìdìpọ̀ kan. Nísàlẹ̀ wọn, lẹ́yìn ọdún kẹta tí ìbòòji bá ti wà, ẹ gbin ewé eéran. Òun ló ń mú owó kékeré wọlé fún wa báyìí lọ́wọ́ àwọn ìyá olóúnjẹ, ìgbín náà sì ti padà sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ọdún mẹ́ta ìtọ́jú

Ọdún kìíní, ẹ ro ìdí igi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọdún kejì àti ìkẹta, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka èyí tó yè ní oṣù kìíní ọdọọdún, kí ẹ kọ orúkọ èyí tó kú àti ibi tó kú sí, torí ibẹ̀ ni ẹ máa ti mọ ohun tí ilẹ̀ yín kò gbà. Ẹni tó ń bá yín ro ilẹ̀ kò mọ gbogbo ọmọ igi, àdá rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín orógbó àti koríko. Nítorí náà ẹ máa rìn ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú okùn pupa. Gbogbo ọmọ igi tí ẹ kò gbìn, tó hù fúnra rẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn kó tó dé ibẹ̀.